Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà sévù yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì Game Boy méjì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, Pokémon Red àti Pokémon Gold. Lánàá mo ki Gold bọnú ẹ̀rọ, 'New Game' nìkan ló gbé wá, gbogbo ohun tí mo ti gbá níbẹ̀ látọjọ́ yìí ti lọ. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Red ṣì ń ṣí dáadáa, àmọ́ ẹ̀rù ti ń bà mí, torí sévù inú ẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n gbá géèmù dé tó wà ní ìpamọ́, kì í ṣe tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti di olóògbé ló gbá a, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ti Gold lè padà? Ṣé tí mo bá ń gbá Red déédéé bátìrì ẹ̀ á máa gba iná sára? Àbí kí n yáa ra bátìrì tuntun kí n pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín o, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ má tíì ra bátìrì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú Red yẹn, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, torí ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kúrò lára bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe ẹ̀dà sévù inú ẹ̀ síbòmíràn, ọjọ́ yẹn náà ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yín máa pa rẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dà lákọ̀ọ́kọ́, bátìrì lẹ́yìn. Gbogbo yòókù tí mo fẹ́ kọ síbí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bátìrì tuntun ló máa gba sévù là. Wọ́n á gbọ́ pé bátìrì kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ máa ń kú, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò tàbí fóònù ṣe, oníṣẹ́ náà á jó ti àtijọ́ kúrò á jó tuntun mọ́ ọn, iṣẹ́ ẹ̀ á mọ́ tónítóní, wọ́n á délé wọ́n á tan ẹ̀rọ, "New Game". Bẹ́ẹ̀ bátìrì tí wọ́n yọ yẹn lè ṣì ní ọdún díẹ̀ nínú ká ní wọn ò fọwọ́ kàn án. Oníṣẹ́ ò jẹ̀bi, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí kò gbọdọ̀ sọnù. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀, torí sévù tí bátìrì pa fúnra ẹ̀ yàtọ̀ sí sévù tí ìfẹ́ pa.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí nínú lọ́hùn-ún. Ṣíìpù méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọ̀kan ni ROM, ibẹ̀ ni géèmù fúnra ẹ̀ wà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, iná wà iná ò sí kò níbi tó ń lọ, ìdí nìyẹn tí Gold yín fi ṣì ń tàn tó sì ń kọrin. Ìkejì ni SRAM, 32 KB péré, orúkọ, owó, àwọn Pokémon, báàjì, ibi tí èèyàn dúró sí kó tó pa ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbé. SRAM yára, ó sì ṣeé kọ ṣeé pa láìníye, ṣùgbọ́n iná ló fi ń rántí nǹkan. Iná já lára ẹ̀ báyìí, ohun tó wà níbẹ̀ ti dà rú, tí iná bá tún padà dé, ohunkóhun tó bá ṣèèṣì bọ́ sí ló máa wà níbẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Torí náà ni wọ́n ṣe fi bátìrì roboto oní 3 V sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó máa fún un ní ìwọ̀nba iná tí kò ní jẹ́ kó gbàgbé nígbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, iná ẹ̀rọ ló ń gbé e, bátìrì á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Kì í ṣe Pokémon ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. The Legend of Zelda tó jáde fún NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987 ti ní bátìrì nínú. Ní Japan tó ti kọ́kọ́ jáde ní 1986, orí dísíìkì Famicom Disk System ló wà, dísíìkì ò sì nílò bátìrì láti fi rántí nǹkan, ìgbà tí wọ́n gbé e sínú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tó ní láti wá ọgbọ́n dá sí i. Àwọn géèmù mìíràn nígbà yẹn gbà kí èèyàn máa kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀ sórí ìwé, Metroid tí wọ́n ṣe fún NES rí bẹ́ẹ̀. Páswọ́ọ̀dù máa ń súni, àmọ́ ìwé tí èèyàn kọ ọ́ sí lọ́jọ́sí, bí ò bá ti ya, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí Gold kọ́kọ́ kú nígbà tó jẹ́ pé Red ló dàgbà jù? Red jáde ní Japan ní 1996, ó dé Amẹ́ríkà ní 1998, Gold wá lẹ́yìn ẹ̀, 1999 ní Japan, 2000 ní Amẹ́ríkà. Ìdí ni aago. Gold, Silver àti Crystal ní aago gidi nínú kásẹ́ẹ̀tì, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó sì mọ́ nínú géèmù gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níta. Kírísítà kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tọ̀sán-tòru, ẹ̀ ń gbá a o, ẹ ò gbá a o, ó sì jẹ́ pé bátìrì kan náà tó ń ṣọ́ SRAM ló ń bọ́ ọ. Red ò ní aago rárá, SRAM nìkan ni bátìrì ẹ̀ ń gbé.

Ẹ wo ìṣirò ẹ̀. Bátìrì CR2032 tuntun máa ń gba nǹkan bíi 220 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó wà nínú ẹ̀. Tí SRAM bá ń mu microamp kan, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù áńpù kan, 220 mAh á gbé e fún wákàtí 220,000, ẹ fi 8,760 tó wà nínú ọdún kan pín in, ọdún 25 nìyẹn. Tó bá ń mu ìlọ́po méjì, ìdajì ẹ̀ nìyẹn. Tí bátìrì ọ̀hún bá tún kéré, bíi CR1616 tó jẹ́ nǹkan bíi 50 mAh péré, ẹ tún máa gé e wálẹ̀. Bátìrì fúnra ẹ̀ sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ lò ó, ooru á sì mú kó yára, kásẹ́ẹ̀tì tó gbé lábẹ́ òrùlé gbígbóná fún ọdún mẹ́wàá ò lè dà bí èyí tó gbé níbi tútù. Òun ló fà á tí ẹ fi máa rí Zelda ti 1987 tó ṣì ń rántí nǹkan, tí ẹ ó sì rí Crystal tó ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá yín mú ọjọ́ fún kásẹ́ẹ̀tì kan pàtó. Àmọ́ ti Red yín, ọdún tó ti lò ti pọ̀ ju ká máa fi tàfàlà lọ.

Ó dáa, Gold. Ẹ ní ẹ ò tíì tẹ nǹkan kan, inú mi dùn sí ìyẹn gidi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ fi ọkàn yín balẹ̀ lásán: tí bátìrì bá ti gbẹ tán pátápátá, sévù yẹn ti lọ, kò sí sọ́fítíwíà, kò sí oníṣẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè dá a padà, torí kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n "New Game" tó gbé wá yẹn nìkan ò tíì tó láti fi sọ pé ó ti tán pátápátá. Ohun tí géèmù ń ṣe nígbà tó bá ń tàn ni pé á ro àwọn nọ́ńbà inú sévù pọ̀, á wá fi wé àròpọ̀ tó kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sévù kẹ́yìn, tí méjèèjì ò bá bára mu, bó jẹ́ ibi kan ṣoṣo ló yí padà nínú ohun tó rò pọ̀ yẹn, á gbà pé sévù ò sí. Ó sì lè jẹ́ pé bátìrì náà ti rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì kú, pé ó ti já sílẹ̀ dé ibi tí àwọn ibì kan nínú ṣíìpù ti gbàgbé tí ibòmíràn sì ń rántí. Gold tiẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà kejì àwọn nǹkan pàtàkì sí apá ibòmíràn nínú SRAM kan náà, tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́ á gbìyànjú láti lo ìkejì, nígbà tó ti wá gbé "New Game" nìkan wá báyìí, ó jọ pé méjèèjì ló ti kọsẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe wà yẹn (bí ẹ ṣe máa kà á ń bọ̀ nísàlẹ̀), kí ẹ fi sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní PKHeX ṣí i, ó mọ sévù Pokémon látorí ti Red títí dé ti àwọn tuntun. Tó bá jẹ́ pé ibi díẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ lè rí àwọn Pokémon yín yọ. Tó bá kọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, tí gbogbo fáìlì náà kàn jẹ́ rúdurùdu tàbí lẹ́tà FF nìkan láti òkè délẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà fún un. Àǹfààní ẹ̀ kéré, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ kò ná yín ní nǹkan kan torí ẹ̀rọ kan náà tí ẹ máa fi ka Red lẹ máa fi ka Gold. Tí ẹ bá ti tẹ "New Game" tí ẹ sì sévù, ìyẹn ló máa lọ jókòó lórí èyí tó kù.

Ti pé kí ẹ máa gbá Red déédéé kí bátìrì ẹ̀ lè gba iná, rárá o. Irú bátìrì yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi iná sí, lẹ́tà CR tó wà níwájú nọ́ńbà ẹ̀ ti sọ pé lithium tí wọ́n ń lò tán ni. Àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù náà tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dínà kí iná ẹ̀rọ má lè wọ inú ẹ̀, torí bátìrì lithium tí kì í ṣe ti chárjì, tí èèyàn bá fipá ti iná bọ̀ ọ́, ó lè wú, ó lè bẹ́. Òótọ́ kékeré kan wà nínú àròsọ yẹn ṣá, wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi tàn, bátìrì ń sinmi, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ gbá tó máa jọ nǹkan lára wákàtí 8,760? Ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ máa kì í bọ̀ kí ẹ máa yọ ọ́ lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ṣì wà, èyí gan-an tiẹ̀ léwu, torí ìgbà tí iná ń wọlé tàbí tó ń jáde ni SRAM máa ń tètè kó ìdọ̀tí sára. Ẹ rántí bí ìwé NES ṣe máa ń sọ pé kí èèyàn di Reset mú kó tó pa ẹ̀rọ tó bá ń gbá Zelda? Ìdí ẹ̀ nìyẹn, kí ẹ̀rọ má bàa kọ ìkọkúkọ sórí sévù bí iná ṣe ń lọ sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀ rèé, ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré wà tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì Game Boy bọ̀, tí wọ́n á fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, á ka géèmù, á ka sévù, á sì lè dá sévù padà sínú kásẹ́ẹ̀tì. GBxCart RW jẹ́ ọ̀kan, GB Operator jẹ́ ọ̀kan, mo gbà kí ẹ lo èyíkéyìí tọ́wọ́ yín bá tó nínú méjèèjì. (Fún kásẹ́ẹ̀tì SNES àti Mega Drive, àwọn ẹ̀rọ géèmù mìíràn, Retrode wà.) Tí ẹ bá mọ ẹni tó ti ní i, ẹ yá a, tàbí kí ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá a kó ṣe é lójú yín, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Kí ẹ tó kì í bọ̀, ẹ wo àwọn irin wúrà ìsàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa lábẹ́ iná. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ máa rí i pé ó ti ṣú, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á wà níbi tí pín inú ẹ̀rọ máa ń gbá. Ẹ fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí tọ isopropyl alcohol díẹ̀, ẹ fi nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òwú á yọ dúdú, ẹ mú òmíràn, kí ẹ ṣe é títí òwú fi máa yọ funfun, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Gbogbo wa la ṣe é lọ́mọdé, itọ́ ló ń bá atẹ́gùn yẹn lọ, ó sì ń jẹ irin. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìnùmọ́ yìí ni pé tí pín kan ò bá kan irin dáadáa, ẹ̀rọ á kàwé láṣìkà, ẹ máa ní fáìlì lọ́wọ́ tí ẹ rò pé sévù ni, òfo sì ni.

Kásẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ kì bọ̀ kí ẹ tó ki USB. Ẹ ka sévù Red lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ọ́ ní àyọtán, ẹ tún kì í bọ̀, ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kejì sí fáìlì mìíràn, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, 32 KB ní 32 KB, ìyẹn báìtì 32,768 gééré (nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti kírísítà aago yẹn, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni). Tí kò bá dọ́gba, ẹ tún irin nù. Tó bá dọ́gba, ẹ fi emulator, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí géèmù Game Boy ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ṣí i, ẹ tẹ "Continue", ẹ wò ó bóyá orúkọ tí ẹ mọ̀ yẹn ló jáde, bóyá báàjì àti wákàtí tí wọ́n ti gbá a bá ohun tó wà lójú Game Boy mu. Ìgbà tí ẹ bá fojú ara yín rí ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà lẹ tó lè sọ pé ẹ ní ẹ̀dà. Ẹ wá tọ́jú ẹ̀ sí ibi mẹ́ta ó kéré tán, kọ̀ǹpútà, fóònù, ímeèlì ara yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ iyì ẹ̀. Fáìlì náà kéré débi pé fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín tóbi jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé kí ẹ fi mítà wọn bátìrì, tó bá ṣì wà ní 3 V kí ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò gbà. Bátìrì lithium kì í rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á dúró sí nǹkan bíi 3 V fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó bá wá kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó tán, á já lulẹ̀ lójijì. Àwọn ṣíìpù SRAM púpọ̀ nílò nǹkan bíi 2 V kó má bàa gbàgbé. Nítorí náà tí mítà bá sọ 2.5, ó wúlò, ó ń pariwó fún yín ni, àmọ́ tó bá sọ 3.0, kò sọ fún yín bóyá ọdún mẹ́wàá ló kù tàbí oṣù mẹ́ta. Láti débi tí ẹ ó ti fi mítà kàn án sì rèé, ẹ ní láti tú kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo ní kí ẹ má tíì ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ̀dà bá ti wà ní ibi mẹ́ta, ẹ wá lè pààrọ̀ bátìrì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Síkúrù tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì Game Boy kì í ṣe èyí tí síkúrùdíráfà ilé ń tú, èyí tí ẹ nílò ni gamebit 3.8 mm, NES, SNES àti N64 náà ń lo ìwọ̀n kan náà fún kásẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ má fi bírò tí wọ́n fi iná yọ́ tàbí pílọ́ọ̀sì fipá tú u. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí bátìrì roboto náà, irin pẹlẹbẹ méjì ló so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, iná ni wọ́n fi lẹ irin yẹn mọ́ ara bátìrì ní ilé iṣẹ́. Ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ̀, irú ẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ìwọ̀n: CR2025 fẹ̀ ní 20 mm, ó nípọn 2.5 mm, CR2032 fẹ̀ bákan náà ṣùgbọ́n 3.2 mm ni nínípọn, CR1616 jẹ́ 16 mm, 1.6 mm. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù náà, kí ẹ lè rántí apá tí pósítíìfù kọjú sí.

Èyí tó ti ní irin pẹlẹbẹ méjì lára látilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà. Kì í ṣe bátìrì lásán ti aago ọwọ́ tàbí ti rìmóòtù. Torí ẹ ò gbọdọ̀ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kan ara bátìrì láéláé, ooru á bà á jẹ́ nínú, ó sì lè bẹ́ mọ́ yín lójú. Ìdí irin níbi tó ti kan bọ́ọ̀dù nìkan ni kí áyọ́ọ̀nù dé, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ sí i kí ti àtijọ́ lè yọ́ dáadáa, ẹ gbé irin sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ má fà á, torí ẹ lè fa ojú bàbà bọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ bátìrì lásán mọ́ irin àtijọ́ láìjó o, ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì jábọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, irin ṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, sévù ti lọ. Ẹ má ṣe é. Tí ẹ ò bá tíì jó lẹ́ẹ̀dì rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ní báyìí tí ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè bàjẹ́ nínú sévù yẹn mọ́.

Ẹ máa gbọ́ nípa ọgbọ́n mìíràn, pé kí ẹ pààrọ̀ bátìrì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń tàn, kí iná ẹ̀rọ lè máa gbé SRAM nígbà tí bátìrì bá kúrò. Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan ti ṣe é yọrí. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí bọ́ọ̀dù tí iná wà nínú ẹ̀, ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀, irin kan irin, ṣíìpù lè jó, sévù lè lọ, kásẹ́ẹ̀tì náà lè lọ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka sévù ò tíì pọ̀, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Lónìí mi ò rí ìdí kankan, pàápàá fún èyí tí kò sí irú ẹ̀ mọ́ láyé.

Tí bátìrì tuntun bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ kan náà dá sévù padà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ẹ tan Game Boy, ẹ wò ó. Ẹ pa á. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó tún tan án, torí pé kó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ti Gold, tí ẹ bá pààrọ̀ tiẹ̀ náà, ẹ máa ní láti tún aago ẹ̀ ṣe.

Tí ẹ bá ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì mìíràn nílé, kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀ géèmù SNES tó ń sévù, Super Mario World, A Link to the Past, Super Metroid, Chrono Trigger, bátìrì ni gbogbo wọn ń lò, ẹ ka sévù inú wọn. Ti N64 yàtọ̀ síra: Ocarina of Time ní bátìrì, Majora's Mask tó tẹ̀ lé e ń lo flash, ṣíìpù tó ń rántí nǹkan láìsí iná, Super Mario 64 ń lo EEPROM, irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ náà, àwọn méjì yìí ò ní bátìrì tó lè kú. Sonic 3 ti 1994 lórí Mega Drive ń lo FRAM, tó ń rántí láìsí iná bákan náà, kò ní bátìrì náà. Ruby, Sapphire àti Emerald lórí Game Boy Advance máa ń dẹ́rù ba èèyàn lásán, wọ́n á sọ fún yín lójú ẹ̀rọ pé bátìrì ti tán, àmọ́ inú flash ni sévù wọn wà, aago nìkan ni bátìrì wọn ń gbé, èso tí ẹ gbìn ló máa dáwọ́ dúró, sévù yín wà níbẹ̀ digbí. Sega Saturn, inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni bátìrì wà, CR2032, ilẹ̀kùn kékeré wà fún un lẹ́yìn, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ láìtú síkúrù kankan, ṣùgbọ́n sévù inú ẹ̀rọ máa ń pa rẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, torí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí káàdì mẹ́mòrì. Káàdì mẹ́mòrì PlayStation ò ní bátìrì.

Bátìrì àtijọ́ tí ẹ bá yọ, ẹ fi téèpù bo ojú ẹ̀ méjèèjì kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé lójú ẹsẹ̀. Tí ọmọ bá gbé irú ẹ̀ mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó o nínú láàárín wákàtí méjì, bátìrì tí géèmù sọ pé ó ti kú náà ṣì lágbára tó láti ṣe é. Tó bá ṣẹlẹ̀, ọsibítù lẹ ń sá lọ, ẹ ò gbọdọ̀ dúró wò ó.

Ohun tó kù tí ẹ ò béèrè àmọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ààyè sévù kan ṣoṣo ló wà nínú Red. Bí ẹnikẹ́ni, àbúrò tàbí ọmọ tó wá kí yín, bá tẹ "New Game" tó sì sévù, orí ti ẹ̀gbọ́n yín ló máa kọ ọ́ lé, bátìrì tuntun ò ní dá a dúró. Ẹ̀yin náà tí ẹ bá tẹ "Continue" tí ẹ rìn díẹ̀ tí ẹ sì sévù, kò ní jẹ́ ibi tí wọ́n fi í sí mọ́. Torí náà fáìlì tí ẹ kọ́kọ́ kà, ẹ fún un lórúkọ tiẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á, kí ẹ má kọ nǹkan kan lé e lórí láé. Tó bá wù yín láti máa bá ìrìn àjò wọn lọ, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn, kí ẹ máa gbá ẹ̀dà yẹn.